Ìwé Àwọn Ọkùnrin Alágbọ̀n Ṣóńṣó

Ṣé o rántí òórùn éédú tó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, lójú ọ̀nà Ọlá, nígbà tí iná bá ti lọ tí a bá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde? Òórùn yẹn, pẹ̀lú ti epo ẹ̀rọ ìránṣọ àti ti aṣọ tuntun tí kò tíì fojú kan omi, ló máa ń mú mi rántí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ti kan imú mi báyìí, ojú mi á tún rí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, tí wọ́n kó orí jọ sórí fóònù kan ṣoṣo, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré láti Ìwó wá. Wọn ò sáré lọ ibì kankan. Ìwé àwòrán ni wọ́n ń kà.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó dàgbà sí Àbíjàn ló kó ìranù náà dé. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣòwò níbẹ̀ títí kí wọ́n tó padà sí Èjìgbò, òun náà sì bá wọn wálé, pẹ̀lú Faransé lẹ́nu, pẹ̀lú "Tanti" tó máa ń pè mí níbi tí àwọn yòókù ti ń pè mí ní ọ̀gá. Àwọn ará Jàpáàn ló ya ìwé náà, àwọn kan sọ ọ́ di Faransé, ọmọ Àbíjàn á wá máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bó ti ń fi ìka ti ojú ìwé sókè. Ọkùnrin méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀, géńdé ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn. Àgbọ̀n wọn ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ wọn gùn ju ti ẹṣin lọ, ojú wọn kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa kún fún omijé. Ọ̀kan á fẹ́ sọ fún èkejì pé òun fẹ́ràn rẹ̀, òjò á bẹ̀rẹ̀, kò ní lè sọ ọ́ mọ́. Tí wọ́n bá tún kà á lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò á tún rọ̀. Mo ní, "Ṣé kò síṣẹ́ kankan ní ọ́fíìsì àwọn wọ̀nyí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má bínú. Inú ń bí mi o! Bùbá oníbàárà wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé ọrùn rẹ̀, àwọn ń ṣọ́ bóyá ọkùnrin Jàpáàn kan á di ọkùnrin Jàpáàn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Má ṣì mí gbọ́. Àwọn kan rò pé torí pé ọkùnrin méjì ni wọ́n ni mo ṣe ń yínmú. Ohun tí ojú mi ti rí láàárín ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ládùúgbò yìí kò jẹ́ kí n ráyè ìyẹn. Ìlọ́ra wọn ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá fẹ́ ènìyàn, kó sọ ọ́, kí àwa náà ráyè ránṣọ.

Ẹni tí ìwé náà kó sí lórí jù ni ọmọ iṣẹ́ mi tó wá láti Ìsúndùnrin. Ọmọge pẹ̀lẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́, ó ku díẹ̀ kó gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló sì ń lá lálàá. Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ ti wá ọkọ fún un sí Àbíjàn, ọmọ ìlú wa kan tí kò tíì fojú rí rí, àfi nínú fọ́tò. O mọ bí a ti ń ṣe é níbí: ọkọ á wà lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dúró fún un nílé, a ó gbàdúrà, ìyàwó á wọ mọ́tò. Ó dára fún àwọn mìíràn. Ọmọ yìí kò fẹ́ lọ, èmi mọ̀, ọmọ Àbíjàn mọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ẹsẹ̀ wà pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kò sẹ́ni tó bi mí."

Lọ́jọ́ kan tí mo ti na ọwọ́ láti gba fóònù náà, mo bi í pé, "Kí ló tiẹ̀ dùn nínú ìsọkúsọ yìí gan-an?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Nínú ìtàn ìfẹ́ yòókù, èmi ni obìnrin ibẹ̀. Tí ọkọ bá gbá a létí, èmi ló ń dùn. Tí ìyá ọkọ bá ń bi í pé oyún dà, èmi ni wọ́n ń bi. Nínú eléyìí, n ò sí níbẹ̀ rárá. Mo kàn jókòó, mò ń wò wọ́n."

Ọmọ Àbíjàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Tanti, nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún èkejì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bi ara wọn léèrè."

Ó wá fi ibì kan hàn mí. Ọ̀kan bi èkejì pé, "Ṣé kí n sún mọ́ ọ?" Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, àfi ojú ẹni tó béèrè, tó ń dúró de èsì. Mo ní ó dájú pé oorun ló gbé ẹni tó ń yà á lọ. Mo lé wọn padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìsúndùnrin la jókòó sí, wọ́n pe èmi náà torí èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ gbé fóònù dání, ọkọ wà nínú fóònù láti Àbíjàn, ó wọ dígí dúdú nínú yàrá ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ agbẹnusọ ẹbí, dìde, ó tún ohùn ṣe dáradára, ó ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ rè é o! Ṣé o fẹ́ ẹ, àbí o ò fẹ́ ẹ?" Gbogbo ilé ti la ẹnu sílẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn láti gbọ́ èsì rẹ̀. Ọmọ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dorí kodò, àwọn obìnrin á hó yè, wọ́n á ṣí mínírà. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ Ìsúndùnrin ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ ìlú wa kan kì í ṣe. Ó rò pé ìbéèrè ni.

Ó kúnlẹ̀ níwájú fóònù. "Ẹ káàsán, sà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Bí mo bá ní n ò fẹ́ ńkọ́?"

Ọmọ náà kò yísẹ̀ padà, ó gbójú sókè, ó ń wo ọkùnrin náà, ó ń dúró de èsì. Háà, ọ̀rẹ́ mi! Mo ti rí ojú yẹn rí, lára alágbọ̀n ṣóńṣó. Mo rí i pé èmi náà ti ń gbàdúrà pé kí òmùgọ̀ yẹn ṣáà sọ ohun tó dára, kó ní "wàá dúró sílé nìyẹn," kó ní "kí ló dé?" kó sọ ohunkóhun sí ọmọ náà.

Kò tilẹ̀ wo ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dojú kọ. "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń bi í? Ṣé wọn ò tíì bá a sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ ṣé, sà," ni ọmọ náà wí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ní ṣé mo fẹ́ wọn. N ò fẹ́."

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá náà ti dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń fọ́n itọ́ kiri lórí aṣọ oníbàárà. Ó ní àwòrán ọkùnrin méjì la fi ba ọmọ àwọn jẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, àwòrán kọ́ ló bi í o. Ẹ̀yin lẹ bi í." Ó ní àṣà ni, eré ni, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àgbà tó yẹ kó fi kọ́ wa ló ń wá ẹni tó máa bá a kó o jọ. Ní ti onídígí dúdú, ó ti rí ìyàwó mìíràn kí ìrẹsì ọjọ́ náà tó tutù. Bí ìfẹ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó nìyẹn.

Bàbá ọmọ náà kò bá a sọ̀rọ̀ títí òjò ọdún yẹn fi dá. Ẹkún ọmọ náà pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó gba òmìnira rẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn oníbàárà mi kan ti ń sá lọ bá a, aláìmoore gbogbo.

Ìranù ni ìwé yẹn, n ò tíì yí ohùn padà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn kì í dúró kí òjò pa á kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá bá fa ọmọ wọn wá báyìí kí n wọn ara rẹ̀ fún aṣọ ìyàwó, tí ìyá ń dáhùn fún ọmọ, ó yan àwọ̀, ó yan apá, ó yan ọrùn, mo máa ń yíjú sí ọmọ náà fúnra rẹ̀, mo máa ń bi í pé, "Ṣé o fẹ́ ẹ?" Ìyá á rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Èmi kì í bá a rẹ́rìn-ín. N ó gbé tépù kọ́ ọrùn, n ó sì máa wo ojú ọmọ náà bí alágbọ̀n ṣóńṣó, kó dá mi lóhùn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.