Oríkèé Mẹ́ta Inú Agolo Bọ́tìnnì

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi, egungun lásán ni. Mi ò ní í purọ́ fún yín: mo jowú àbúrò mi títí owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Aago ni mò ń tún ṣe, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ìyá Aláago. Bàbá wa ló kọ́ mi níṣẹ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń jókòó tì wọ́n nídìí tábìlì, tí mò ń fi awò olójú kan wo ẹ̀rọ tí kò tó èékánná. Àbúrò mi ọkùnrin ńkọ́? Bọ́ọ̀lù ló ń gbá kiri. Àrẹ̀mọ là ń pè é, torí òun nìkan ni ọkùnrin tí bàbá bí. Bó bá fọwọ́ kan aago tó ń ṣiṣẹ́, aago ọ̀hún á dákẹ́.

Bàbá ní aago ọwọ́ kan, wúrà látòkè délẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so awọ mọ́. Ara rẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ọ̀kan náà ni: ibi tí aago parí sí ni ẹ̀wọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, oríkèé kan ń wọnú ìkejì títí ó fi yí ọwọ́ po. Àwọn tó ṣe é ti ṣíwọ́ nídìí irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Tí oríkèé kan bá sọnù, ó sọnù nìyẹn.

Lọ́dọọdún, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Màá kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, màá wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ àárín oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bàbá ò jẹ́ kí n dán an. Wọ́n á ní, "Wúrà tó o bá ń dán ní gbogbo ìgbà, ò ń jẹ ẹ́ ni. Igun rẹ̀ á pòórá." Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, màá dé e mọ́ ọwọ́ ara mi díẹ̀, kí n tó dá a padà.

Nígbà tí àìsàn mú bàbá, ọwọ́ wọn gbẹ, aago sì ń yọ̀ bọ́. Wọ́n ní kí n yọ oríkèé mẹ́ta kúrò. Mo yọ ọ́, mo kó o sínú agolo tí mò ń kó bọ́tìnnì sí. Nígbà tí mo tún dé aago náà mọ́ ọwọ́ mi lọ́dún yẹn, kò fẹ̀, kò fún. Mo ní, họ́wù, tèmi ni aago yìí.

Bàbá kú. Àbúrò bàbá jókòó sáàárín wa, wọ́n ní, "Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù. Àrẹ̀mọ ló ni aago wúrà." Ṣọ́ọ̀bù! Tábìlì tó ń mì, òrùlé tó ń jò! Síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú. Kò sẹ́ni tó béèrè oríkèé lọ́wọ́ mi, èmi náà ò sì sọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí Àrẹ̀mọ fi dé. Òun ní tiẹ̀ sanra, ọwọ́ rẹ̀ kan tó méjì tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, aago yìí ò pa dé mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kò sí oríkèé tó ṣẹ́ kù ni?"

"Ìgbà àìsàn ni wọ́n yọ ọ́," ni mo wí. "Ta ló mọ ibi tó wọlẹ̀ sí?"

Agolo ọ̀hún wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Tèmi ò tilẹ̀ mì rárá.

Odindi ọdún méjì ló fi wá irú oríkèé náà káàkiri. Inú áńkáṣíìfù ló ń di aago sí, á máa tú u han àwọn èèyàn bí ẹni pé òun ló fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, irú rẹ̀ ò sí mọ́. Òótọ́ ni. Òótọ́ ọ̀hún dùn ún fi purọ́. Mò ń retí ọjọ́ tí yóò sú u, tí yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa lò ó."

Lọ́jọ́ kan ó dé, ó ní alágbẹ̀dẹ wúrà kan ti ṣèlérí láti bá òun tún aago náà ṣe. Mo mọ̀ pé ayùn ni ọkùnrin náà máa fi wọ inú ẹ̀wọ̀n yẹn.

Àrẹ̀mọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní í lọ."

Ọ̀rọ̀ dé ètè mi. Owú gbé e mì. "Ṣé mo ní kó o má lọ ni? Ṣebí aago ẹ ni."

Ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi fọwọ́ kan iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin mo gbé agolo, mo ní kí n sáré kó oríkèé rẹ̀ fún un, kó bú mi tó bá fẹ́ bú mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Ó ti pa dé!"

Awọ dúdú ló fi so ó. Wọ́n ti gé ẹ̀wọ̀n kúrò lára aago, wọ́n ti dán an yanran, gbogbo igun rẹ̀ ti lọ. Ojú bàbá ni mo rí.

Ó kì mí lọ́wọ́ mú, ó fi nǹkan bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni, wúrà.

"Ẹ̀wọ̀n yẹn ni mo ní kí wọ́n yọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé wọn ò ṣe é dáadáa sí yín. Ẹ̀yin lẹ bá bàbá ṣiṣẹ́, èmi wá gba aago. Ó yẹ kí nǹkan wọn wà lára tiyín náà."

Mo wo ọwọ́ mi. Kò fẹ̀, kò fún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ gbé dání yẹn?"

Mo di agolo náà mọ́ra.

"Bọ́tìnnì ni," ni mo wí.