Orógbó Kò Sí Nínú Ìwé Ara Fíríìjì

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ sọ, eyín ọmọ ọmọ mi obìnrin àti eyín tèmi. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá ń sáré sọ̀rọ̀ eyín lè gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Òkè òkun ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ìyá rẹ̀, ìyẹn ọmọ tí mo bí, fi í ránṣẹ́ sí wa ládùúgbò Challenge pé kó lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, kí òun lè ráyè parí ẹ̀kọ́ kan. Bó ti wọlé, tó rẹ́rìn-ín sí wa, ìyàwó mi dì mọ́ mi lápá. Irin ni lókè, irin ni nísàlẹ̀, wáyà tín-ín-rín sì gba ojú gbogbo eyín rẹ̀ kọjá bí okùn tí à ń sá aṣọ sí.

"Ta ló fi irin ti ọmọ mi lẹ́nu báyìí?"

"Ìyá àgbà, eyín mi ni wọ́n ń tò, kó lè gún."

Ẹrù ọmọ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ẹnu rẹ̀ nìkan kún àpò kan. Búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké wà níbẹ̀, ìda funfun wà níbẹ̀ tó máa ń fi bo ibi tí wáyà bá ti ń gún un lẹ́ẹ̀kẹ́, ìwé kan sì wà tí wọ́n ní ká lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Dókítà òkè òkun ló tẹ ìwé náà: kò gbọdọ̀ rún yìnyín, kò gbọdọ̀ gé ápù jẹ. Ọmọ mi, ìyá rẹ̀, wá fi bírò kọ tiwa sísàlẹ̀: gúgúrú, ẹ̀pà, kókóró, kúlíkúlí, àgbàdo orí kùkù, egungun. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ egungun, torí ó mọ irú ilé tí òun ti jáde.

Ìyàwó mi kà á tán, ó ní, "Ó ku kí wọ́n ní kó máa jẹ atẹ́gùn."

Òfin kan wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, kò sì bá mi ṣeré: "Bàbá mi, dókítà eyín tó wà ní Bódìjà á máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n tí irin kan bá já, ẹni tó fi í síbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ó já báyìí, ẹ fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ òfurufú padà fún mi nìyẹn."

Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ọmọ náà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ òfurufú mọ́. Ó ti lọ́rẹ̀ẹ́ ládùúgbò. Wọ́n ń pè é ní Eléyín Irin, òun náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá èébú padà. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Tí òjò bá pa ọ́, ṣé ẹnu rẹ kì í dípẹtà?" Ó ní, "Tìrẹ tí kò nírin ńkọ́, olè ò tíì wọ̀ ọ́?" Mo wà nínú yàrá, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́.

Èmi ni mo máa ń fi ọ̀bẹ họ àgbàdo kúrò lórí kùkù fún un. Lọ́jọ́ kan ní Agbowó, obìnrin tó ń sun àgbàdo wò mí bí mo ti ń họ ọ́ sínú ike. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹyẹ?"

"Ọmọ yìí ni. Eyín tèmi pé pérépéré."

Fáàrí eyín wà lára mi, mi ò ní purọ́.

Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní Baṣọ̀run, a sì lọ síbi ìsọmọlórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọmọ ọmọ mi lá oyin, ó lá iyọ̀, inú rẹ̀ dùn. Orógbó wá kàn. Àwọn ilé mìíràn máa ń fi kan ètè lásán ni. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ gé e kí ó gbọ́ ìró. Ó ní ẹni tí a kò bá gbọ́ ìró eyín rẹ̀, kò bá wa ṣàdúrà.

Ó gbé àwo dé iwájú ọmọ ọmọ mi. Ọmọ wò mí. "Bàbá àgbà, kò sí nínú ìwé."

Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Ta ló máa ń fún ọmọdé ní orógbó tí wọ́n á fi kọ ọ́ sára fíríìjì?

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, irin ló wà lẹ́nu mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Irin ló sì yẹ kó lè fọ́ ọ! Gé e, kí àbúrò rẹ lè dàgbà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ, ó mú èérún kan sẹ́nu. Mo yára dìde. "Ẹ mú ìyókù tirẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò láti kékeré, màá gé tèmi, màá gé tirẹ̀."

"Ẹlẹ́nu! Gé e ká gbọ́."

Mo kó méjèèjì pọ̀, mo gé e. Ìró dún, ó tilẹ̀ dún ju bó ti yẹ lọ. Mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ṣùgbọ́n ohun kan ti bọ́ sínú àwo tó wà láàárín èmi àti ọmọ náà: wáyà kékeré kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

"Irin ọmọ ti já!" Ẹ̀gbọ́n mi ti fa fóònù yọ, ó ti pe ìyá ọmọ náà, kí á tó mọ̀, ojú ọmọ mi ti wà nínú fídíò. "Mo sọ fún Bàbá! Ṣé mi ò sọ? Lónìí ni màá wá ọkọ̀ tó máa gbé e."

Ọmọ náà ń fi ahọ́n ka irin ẹnu rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. "Bàbá àgbà, mi ò fẹ́ lọ."

Mi ò tíì sọ ohun kan fún yín. Eyín iwájú mi méjì lókè, dókítà ló ṣe wọ́n. Wáyà ni wọ́n fi há wọn mọ́ ìyókù. Ó ti pẹ́, ìyàwó mi nìkan ló sì mọ̀. Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wò mí, ọmọ ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ìyàwó mi nìkan ló ń wò mí, kò sì ṣẹ́jú.

Mo mú áńkáṣíìfù kúrò. Mo yọ eyín náà sórí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e síwájú fóònù. "Tèmi ni." Afẹ́fẹ́ ń gba àárín ọ̀rọ̀ mi kọjá bí ẹni ń fọn fèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Àbúrò! Gbogbo ẹnu tí ò ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, eyín ẹni ẹlẹ́ni ni?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àjà ilé wọn nìkan là ń rí. Nígbà tó gbé e, ó ní kí ọmọ òun la ẹnu. Ó ka irin lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó tún un kà. Wọ́n pé. "Ó lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Bàbá mi, ẹ lọ rí dókítà."

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Bódìjà. Dókítà jáde, ó bèèrè pé ta ni aláìsàn nínú wa. Ọmọ náà nawọ́ sókè fún àwa méjèèjì.

Ó lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé. Ó fi bírò kọ orógbó sísàlẹ̀ ìwé ara fíríìjì, ó sì kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá gbàdúrà ìrìnàjò fún un. Ó ti rin orógbó náà kúnná sínú àwo, ṣíbí méjì wà nínú rẹ̀. Kò sí ìró kankan nígbà tí a jẹ ẹ́, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní àdúrà náà ti gbà.