Òrofó Orí Igi Ọdán Wa

Mo ṣì kéré nígbà náà o, ẹ̀yin ọmọ mi, tí àdúgbò wa yìí, Légbassito, jẹ́ kìkì oko. Igi ọdán kan wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi. Tí èso rẹ̀ bá ti pọ́n, àwọn òrofó á dé. Ẹyẹlé igbó ni òrofó. Àwọ̀ ewé ló ní, o kò ní tètè rí i. Èso tó ń já bọ́ pọ́tọ́pọ́tọ́ ni yóò sọ fún ọ pé ó wà lókè.

Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, ohùn àwọn ẹyẹ yìí ló ń jí ìyá àgbà. Á dá wọn lóhùn: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará òkè!" Tí àwa ọmọdé bá sì ń sọ̀rọ̀ jù, òwe kan náà ló fi ń pa wá lẹ́nu mọ́: "Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó! Ó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́."

Àfi ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbé gbáàgúdá lọ sí ọjà ńlá Adawlato. Ọjà tà, inú rẹ̀ dùn, ló bá ń ròyìn fún àwọn obìnrin Yorùbá bíi tiwa tó ń ta aṣọ níbẹ̀: "Ẹyẹ orí igi mi pọ̀ débi pé ẹni tó bá dijú sọ òkò, á bà á!" Ọkọ ọ̀kan nínú wọn ní ìbọn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ìbọn fi dún. Nígbà tí a máa sáré jáde, ọkùnrin náà ti ń ṣa òrofó sínú àpò. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà: "Màmá, ẹ ṣé o, ìyàwó mi jíṣẹ́." Háà! Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa ìyẹ́ sínú ìró rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Kò pa òwe yẹn mọ́ títí ó fi kú.

Ilé ti gba gbogbo oko báyìí. Igi ọdán wa nìkan ló ṣẹ́kù. Lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, mo gbọ́ pọ́tọ́pọ́tọ́. Òrofó ti padà! Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín, ó na fóònù sí èmi bàbá àgbà rẹ̀: "Pépé, mo ti fi fídíò wọn ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ti ń béèrè ọ̀nà ilé wa."

Láyé ìyá àgbà mi, ọ̀rọ̀ ní láti fẹsẹ̀ rìn dé Adawlato kó tó ṣe ibi. Lónìí, n kò tíì gbé itọ́ mì, ó ti rékọjá ibodè dé Cotonou. Láti àná, ìjókòó kò gbà mí. Tí ọ̀kadà zémi kan bá já èrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti dìde, tèmi tọ̀pá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ilé wo ni. Mo mọ ara mi. Inú mi ń dùn báyìí bíi ti ìyá àgbà lọ́jọ́ ọjà, mo lè ṣèèṣì sọ ọ́ fún yín.