Abọ́ Igi Ìrẹ́ àti Ọmọrí Rẹ̀

Odó ni bàbá mi ń gbẹ́ ní abúlé wa kí ogun tó lé wa kúrò níbẹ̀. Odó ni èmi náà kọ́ láti gbẹ́. Nígbà tí mo fi máa sún mọ́ ọmọ ogójì ọdún, mo ti gbẹ́ odó tó pọ̀ ní Abẹ́òkúta débi pé bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá ilé kan láàárọ̀, tí mo gbọ́ ìró odó, mo lè mọ̀ bóyá èmi ni mo gbẹ́ ẹ. N kò fi yangàn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń dé sí ìlú wa. Lára wọn ni àwọn ará wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú nígbà kan, tí wọ́n gbé ní Sàró fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ káfíńtà. Ó ti dàgbà nígbà tó dé, Bàbá Sàró ni gbogbo wa sì ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ gbé àga ìyígi kalẹ̀ níwájú wa.

Àga ni a ń pè é nítorí pé a kò rí orúkọ mìíràn fún un. Igi méjì dúró lórí pákó, wọ́n dojú kọ ara wọn, irin ṣóńṣó kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àárín irin méjèèjì ni a ń fi igi tí a fẹ́ gbẹ́ há sí. Okùn awọ kan so mọ́ orí ọparun tó tẹ̀ lókè, ó lọ́ mọ́ igi náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ara pákó tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, igi á yí wá sọ́dọ̀ ẹni. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ọparun á fà á padà. Irin mímú tó wà lọ́wọ́ ẹni ni yóò máa bó igi náà bí ẹni ń bó ọsàn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà láti Kémta, kúkúrú, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ wo àga náà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí a ti dé ni ẹsẹ̀ yín ti ń rìn, ẹ ò sì tíì kúrò lójú kan."

Bàbá Sàró kò gbójú sókè. "Ìwọ tí o rìn dé ibí, kí lo mú dání?"

Abọ́ kan ló mú dání, èyí tó fi ọwọ́ gbẹ́. Bàbá gbé e sórí pákó, ó fi ìka ta á kó yí. Abọ́ náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. A rẹ́rìn-ín, ará Kémta náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà wá kọ́ṣẹ́.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kò ju mẹ́jọ lọ. Ìtàdógún-ìtàdógún la máa ń pàdé lábẹ́ àtíbàbà Bàbá Sàró, tí a ó sọ ìròyìn iṣẹ́: ẹni tó rí igi tó dára, ẹni tí àáké rẹ̀ kán, ọ̀nà tí ogun ti dí. Nígbà mìíràn, a máa ń kóra wa jọ lọ gé igi ní ìhà Ewékorò. Àwọn kan á gbé àáké, àwọn kan á gbé ìbọn ṣọ́ wọn. Ará Kémta ní ìbọn ni òun yóò máa gbé nítorí pé ìbọn kò ní kí èèyàn làágùn.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá Sàró fi lélẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé orí ẹní tí a tẹ́ sáàárín wa, kí a tó gbé èyí tó dára jáde. Ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín títí yóò fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá wù lè rẹ́rìn-ín.

Àgbẹ̀ kan tó ń ti ìhà Alábàtà wá, tó ń fi orógùn gbígbẹ́ kún iṣẹ́ oko, ni òfin náà bá lára mu jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìpàdé tí kì í mú ohun tó là wá.

"Ará Alábàtà," ni ará Kémta sọ lọ́jọ́ kan, "ṣé abọ́ lò ń gbẹ́ ni, àbí igi ìdáná lò ń là?"

"Èyí tó bá là, ìyàwó mi á fi dáná. Èyí tí kò bá là, ìwọ ni wàá wá fi jẹun nílé mi."

Ní tèmi, fún ọdún méjì, n kò gbé iṣẹ́ tó bàjẹ́ wá sórí ẹní náà rí. Kì í ṣe pé n kò ba igi jẹ́. Aláró ni ìyàwó mi, omi eérú ló sì fi ń ṣe aró. Ohun tí mo bá ti bà jẹ́, mo máa ń jù ú sínú iná rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó máa ń wò mí. Nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń sọ pé ọwọ́ mi kì í tàsé.

Ní ọdún kẹta, orúnkún Bàbá Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò lè tẹ pákó mọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní:

"Orúnkún mi ti kọ iṣẹ́. Ẹnì kan nínú yín ni yóò gbé àga yìí lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó ṣe abọ́ ọlọ́mọrí kan wá nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. A ó wò ó. Abọ́ yẹn kan náà ni yóò tún gbé wá nínú ọyẹ́. Ẹni tí ọmọrí rẹ̀ bá ṣì bá abọ́ mu, òun ló ni àga."

Mo fẹ́ àga náà. N kò tíì fẹ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí nípa iṣẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ìyàwó mi.

Ó ní, "Tí ẹ bá gbé e délé, ṣé ẹ ó wá máa rẹ́rìn-ín?"

Mo ní bóyá.

Bàbá Sàró ti kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń ṣe é. A ó kọ́kọ́ yí igi náà lẹ́ẹ̀kan, kó nípọn, kó má tíì lẹ́wà. A ó bò ó mọ́ inú èérún igi gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí omi inú rẹ̀ lè jáde díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni a ó tó padà yí i tán. Mo gbọ́ ọ, n kò gbà á. Tútù ni a máa ń gbẹ́ odó. Tútù ni bàbá mi gbẹ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tó wọ́. Ohun tí n kò rò ni pé ara odó nípọn, odó kò sì ní ọmọrí.

Mo gé igi ìrẹ́ kan tí oje ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é tán. Igi funfun, ara rẹ̀ ń dán, etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi àdín pa á. Bí mo bá fi ìka kan ta ọmọrí rẹ̀, á yí yíká ẹnu abọ́ láìdún.

Àwa mẹ́ta, èmi, ará Kémta àti ará Alábàtà, la gbé abọ́ jáde nígbà tí òjò ń tán lọ. Wọ́n gbé tèmi lọ, gbé e bọ̀.

"Ṣé ọwọ́ yìí náà ló gbẹ́ odó ìyá mi?" ni ará Kémta wí. Ó wo ti ará Alábàtà, igi apá, abọ́ tó wúwo. "Tìrẹ yìí, etí rẹ̀ nípọn bí ètè ẹni tí oyin ta."

"Oyin náà ti lọ," ni ará Alábàtà wí. "Etí rẹ̀ kò ní wú ju báyìí lọ mọ́."

Bàbá Sàró kò yin ẹnikẹ́ni. Ó ní ká gbé wọn lọ sílé títí di inú ọyẹ́.

Mo fún ìyàwó mi ní abọ́ náà kó máa kó ìlẹ̀kẹ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń ti ìdí ìkòkò aró wá ṣí i, kó mú abẹ́rẹ́, kó tún dé e, nígbà bíi mélòó kan lóòjọ́.

Ọyẹ́ dé. Ètè là, ilẹ̀ là. Nígbà tí ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé abọ́ náà wò. Mo ṣí ọmọrí, mo dá a padà, kò wọlé. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó yọrí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fẹ́ tì í.

"Ẹ má fipá ṣe é," ni ìyàwó mi wí. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i díẹ̀, ó wọlé. "Ibi kan ṣoṣo ló ti ń wọlé. Ó ti ń lọ bí oṣù kan."

"O mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Baálé mi, ẹ ò bi mí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é."

Ẹnu abọ́ náà kò rí roboto mọ́. Ó ti gùn sí apá kan bí ẹyin. Mo fi aṣọ tútù wé e, kò gbọ́. Mo tún fi àdín pa á, ó kàn ń dán sí i ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo fi ọmọrí sí ojú ibi tó ti ń wọlé, mo sì gbé abọ́ náà lé àtẹ́lẹwọ́ kó má baà mì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ gbé e sórí ẹní, níbi tí wọ́n ń gbé èyí tó bàjẹ́ sí."

Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lọ.

Ará Kémta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípàdé. Tirẹ̀ ti là sí méjì. Ó gbé apá kan lé orí bíi fìlà, ó ṣàlàyé, a rẹ́rìn-ín. Ará Alábàtà gbé tirẹ̀ wá. Bàbá Sàró yí ọmọrí náà, ó ń há díẹ̀ níbì kan, ṣùgbọ́n ó yí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé tèmi. Ó ṣí ọmọrí sókè tààrà, ó dé e padà tààrà. Ó wọlé. Ẹnì kan ní, "Ó parí." Ọkàn mi ti ń gbé àga náà wọlé.

Bàbá Sàró kò gbé e sílẹ̀. Ó nà án jáde sínú oòrùn.

"Aláró ni ìyàwó rẹ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ó ń lo abọ́ yìí?"

"Ó ń lò ó, Bàbá."

Ó fi hàn wá. Àmì àtàǹpàkò kan wà létí ọmọrí, dúdú bí aró. Òmíràn wà lára abọ́ gan-an nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibòmíràn funfun. Mo ti fi àdín nu abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí i. Ojú mi ti mọ́ aró jù.

"Ọwọ́ aláró kì í yan ibì kan," ni Bàbá Sàró wí. "Ọmọrí tó bá ń yí, gbogbo etí rẹ̀ ni aró yóò kàn. Kí ló ń mú un di ojú kan ṣoṣo mú?"

Mo lè sọ pé bó ṣe máa ń dì í mú nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò lọ bi í. Bàbá kò fọwọ́ yí ọmọrí náà. Ó gbé abọ́ náà síwájú mi.

"Yí i."

Mo yí i. Ó yọrí sókè.

Mo gbé e lọ sórí ẹní, mo sì sọ ohun tí mo ṣe: igi tútù, ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sọ ti àwọn tí mo ti sun fún ọdún méjì náà. Ó gba àkókò díẹ̀. Nígbà tí mo parí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló le jù lára mi.

Ará Kémta wò yíká. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti sọ ọ́ tán? Ṣé òfin ti gbà wá láyè?" Ó wá bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rín in.

Ará Alábàtà ló gba àga náà. Bàbá Sàró ní, "Ó ti ba igi jẹ́ tó." Èmi náà wà lára àwọn tó rù ú lọ sílé rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, àga náà sì wúwo.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bi mí pé ta ló gbà á. Mo sọ fún un. Ó ṣí abọ́ náà, ó mú abẹ́rẹ́, ó dé e padà.

N kò kúrò nínú ẹgbẹ́. Láti ìgbà náà, mo gbé iṣẹ́ tó bàjẹ́ lọ sórí ẹní bíi ti gbogbo èèyàn, ìyàwó mi sì ń wá igi ibòmíràn fún eérú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù, láàárín àwọn ọmọ tí mo dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Bí mo bá ṣì í kà, mo máa ń ṣì í kà sókè.

Bàbá Sàró ti kú. Ìyàwó mi náà ti kú, ó di ọdún mẹ́ta. Abọ́ náà wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí, kálàmù mi ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ìgbà òjò, ara igi máa ń wú díẹ̀, ọmọrí náà a sì yí. Bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń wá ibi tí aró wà, mo fi àtàǹpàkò mi lé e, á sì wọlé.