Yẹ̀kínnì Ọlọ́wọ́ Òsì àti Bọ́ọ̀lù Tí Kì Í Yí

Lọ́dún 1974, nígbà tí Mushin pàdé Yábà nínú eré bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù, Yẹ̀kínnì, aránṣọ Pápá Àjàó ní Mushin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín pápá kó tó ju bọ́ọ̀lù. Síkírù, alápákó Makoko tó ń ṣeré fún Yábà, ló di igi mú níwájú rẹ̀. Òun náà ni ẹ̀gbọ́n Àmúdàtù, ọmọbìnrin tí Yẹ̀kínnì ń fẹ́. Bàbá wọn ti kú, Síkírù ni yóò fa ọmọ fọ́kọ, Yẹ̀kínnì sì ti tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Síkírù kò tíì gbà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni.”

“Ju bọ́ọ̀lù, jàre! Ṣé mọ́ṣáláṣí nibí ni?”

Yẹ̀kínnì fi èékánná di bọ́ọ̀lù mú, ó tì í jáde. Bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn a máa yí bí òkòtó. Tirẹ̀ kì í yí, ijó ló ń jó. Ó dorí kọ Jíbówú, ó rántí nǹkan, ó padà. Síkírù na afẹ́fẹ́. Yẹ̀kínnì tún dọ̀bálẹ̀, ó tún jù ú. Síkírù tún na afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì ṣí gèlè lórí ìyá kan.

Bó bá tàsé lẹ́ẹ̀kẹta, Mushin ti gba ife nìyẹn.

“Yẹ̀kínnì, ṣé o ṣì ń fẹ́ Àmúdàtù?”

“Mo ń fẹ́ ẹ, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọlúàbí fi ń bá àna rẹ̀ ṣe.”

Gbogbo Mushin ló mọ̀ pé ọ̀tún Yẹ̀kínnì kò lè ju àgbàdo dé iwájú adìyẹ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ débi pé àwọn kan ti ń wá omi tí wọ́n máa dà lé e lórí. Ó dìde.

“Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fi ọ̀tún jù ú, mo tàn yín jẹ.”

Òsì ló fi jù ú. Síkírù fi igi yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Yẹ̀kínnì lọ kan ilẹ̀kùn Síkírù.

“Wọlé. Ẹni tí kò tàn mí jẹ níwájú èrò kò ní tan àbúrò mi jẹ nínú yàrá. Mo ti fún ọ. Àmọ́ o máa kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù yẹn.”

Oṣù mẹ́fà ló fi kọ́ ọ. Fèrèsé mẹ́rin fọ́, bọ́ọ̀lù Síkírù kò jó.

Tíṣà Àmẹ́ríkà kan sọ fún Yẹ̀kínnì pé àwọn tó ń fi òsì ju irú bọ́ọ̀lù yẹn nílẹ̀ àwọn kò pọ̀ rárá.

“Ẹ sọ fún wọn pé wọn ò tíì kà mí,” ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Nígbà tí Yẹ̀kínnì kú, Síkírù, tó ti darúgbó, wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fọ ọwọ́ ọ̀tún tán. Nígbà tó kan òsì, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Ó rọra ń fọ ọ́ níka níka, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, títí omi fi tán nínú korobá.