Omi Ilá Nínú Omi Ọṣẹ

Ìlógbò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n Àrámọkọ ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá wa ní alábẹ̀wò kan ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Mo pinnu pé awọ ọṣẹ ni n ó fi hàn án, èyí tó máa ń nà bo ojú òrùka wáyà bí a bá ki òrùka náà bọ omi ọṣẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo dán an wò lọ́ọ̀dẹ̀. Mi ò tíì kà dé márùn-ún tó fi bẹ́. Mo fi ọṣẹ kún un, ó tún bẹ́.

Ìyá mi, tó ń rẹ́ ilá lọ́wọ́, ní, "Kí ni wáyà yẹn ṣe ọ́?"

"Màmá, awọ yìí kò dúró."

Ó wò ó dáadáa. "Ọyẹ́ ló ń mú un gbẹ. Wọlé wá sínú ulé. Omi rẹ̀ sì ń ṣàn wá sísàlẹ̀, òkè wá fẹ́lẹ́. Ohun tó bá ń yọ̀ kì í yára ṣàn." Ló bá po ilá díẹ̀ mọ́ omi, ó bu omi yíyọ̀ rẹ̀ sínú abọ́ ọṣẹ mi.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo kà dé ogójì! Igbe ayọ̀ tí mo ké pọ̀ débi pé aládùúgbò wa béèrè bóyá wọ́n ti mú iná dé.

Lọ́jọ́ kejì, alábẹ̀wò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo ki òrùka náà bọ omi ọṣẹ, mo gbé e sójú fèrèsé. Àwọ̀ oríṣiríṣi ń yọ́ lọ sísàlẹ̀ lára rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ojú omi a máa fa ara rẹ̀ mọ́ra bíi rọ́bà, pé ọṣẹ ló ń dẹ ìfà náà. Bí ibì kan bá fẹ́lẹ́ lójijì, ọṣẹ ibẹ̀ á dín, ìfà rẹ̀ á le sí i, á sì fa omi ọṣẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá.

Ọmọbìnrin kan tó ń ti Èrìò wá nawọ́. "Tíṣà, ṣé ara rẹ̀ ló ń rán ni?"

Ìbéèrè rẹ̀ dára ju àlàyé mi lọ.

Alábẹ̀wò, bàbá onírùngbọ̀n funfun, fi bíírò sílẹ̀, ó gba wáyà, ó fẹ́ ẹ. Ìhó roboto kan fò sókè, ó bà lé fìlà rẹ̀. Nígbà tó bẹ́, omi rẹ̀ kán sí i nímú. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ fi sí i tó ń yọ̀ báyìí?"

"Ilá ni, sà. Ìyá mi ló ní kí n fi sí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n bá òun kí ìyá mi. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ń gbé oyin, omi ẹ̀kọ àti oje igi wá dán wò nínú omi ọṣẹ, kí wọ́n lè mọ èyí tí awọ rẹ̀ máa pẹ́ jù.