Irin Itan Àlàájà

Òórùn kàfúrà ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé kan l'Aké, ilé ìyá kan tó ń ta aṣọ. Títí di òní, bí òórùn yẹn bá gba imú mi kọjá, inú á kọ́kọ́ bí mi ná.

Ẹ̀kọ́ nípa irin tí àwọn dókítà fi ń to egungun tó ṣẹ́ ni mo ń kọ́ ní yunifásítì nígbà náà. Mo fẹ́ mọ bí ẹran ara ṣe ń gbà á mọ́ra, àti bóyá omi ara máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Irin tuntun kò lè sọ ìyẹn fún mi, àfi èyí tó ti gbé inú ènìyàn rí. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní mẹ́ta ni òun máa gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n gbàgbé oyè lọ́dún yẹn. Mo ti rí méjì. Ìkẹta wà nínú itan Àlàájà yìí, ìyá aláṣọ náà, tó ti já bọ́ lórí ọ̀kadà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, tí wọ́n sì fẹ́ yọ irin náà wàyí.

Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn, mo bẹ dókítà, mo bẹ nọ́ọ̀sì, mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù títí ọwọ́ fi ń ro mí. Oṣù márùn-ún gbáko! Lọ́jọ́ tí mo wá lọ gbà á, nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má bínú, bùrọ̀dá. Àlàájà ti gbé e lọ sílé. Àwọn ló ṣáà ni ín."

Mo lọ bá Àlàájà nílé láàrin ìdì aṣọ, ó na ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù. Mo ní, "Ẹ káàsán mà, Àlàájà. Ẹ kú ewu. Irin yẹn ni mo wá gbà."

"Irin wo? A ti sin ín."

Mo rò pé àwàdà ni. Ó ní aṣọ funfun ni àwọn fi wé e, àwọn sì gbẹ́lẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé, bí wọ́n ti ń ṣe fún irun, èékánná àti eyín tó bá kúrò lára ènìyàn ní ìdílé wọn. Orí mi gbóná. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n hú u jáde, ó kọ̀. Ni mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ: "Irin lásán mà ni, mà!"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ló fi gbé mi rìn. Òun ló jẹ́ kí n lè kírun lórí ìdúró. Ara mi gbà á, èmi náà gbà á. Ó dáa, ọmọ mi, ta ló bi mí léèrè nínú gbogbo yín?"

Nínú gbogbo fọ́ọ̀mù yẹn, kò sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni gbé síwájú rẹ̀. Mo fi ìbínú kúrò níbẹ̀, ọdún kan sì ni mo fi dúró de irin mìíràn. Ohun tí mo ń fi maikirosíkóòpù wá, Àlàájà ti sọ ọ́ fún mi níjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò ní gbà á sínú ìwé, n kò sì dá a lẹ́bi. Èyí tó ń dùn mí ni pé oṣù márùn-ún ni mo fi kọ̀wé nípa itan obìnrin yẹn, n kò mọ ojú rẹ̀.